Tó O Bá Ti Gbọ́ Kó, Kó, Kó

“Tí mo bá ti kan gíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta, fa irin pupa yẹn, kí ìdérí ọkọ̀ fò dànù! Tó o bá tún lọ́ra bíi ti àná, ilé yá nìyẹn.”

Olùkọ́ fi aṣọ di akẹ́kọ̀ọ́ lójú nínú ọkọ̀ òfurufú ìdánrawò, ó sáré jáde lọ mú aago.

Kó, kó, kó!

Akẹ́kọ̀ọ́ ò fi falẹ̀. Ó fa irin. Gbàgà!

“Ọ̀gá, mo yára àbí mi ò yára?”

Ó tú aṣọ ojú ẹ̀. Olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ ni, aago lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ọ̀gá àgbà iléèwé ti fìdí jálẹ̀, ó gbá ìdérí mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Ọ̀gá àgbà mí kanlẹ̀. “‘O kú iṣẹ́’ lásán ni mo ní kí n kí ọ.”