Orí Àáké Tó Yọ

"Orí àáké rẹ yọ, ó sì pa ọ̀rẹ́ rẹ." Alàgbà fi ìka tọ́ òfin inú Bíbélì tó dá ẹni tó ṣèèṣì pànìyàn sí. "Ṣé o kórìíra rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Agégi tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìfẹ́ ìyàwó olóògbé ti ń jó o lọ́kàn.

"Àbí o bu omi sẹ́nu ni?"

"Wọn ò jà rí, Bàbá," opó náà, tó jókòó nítòsí, gbà á sọ.

"O ò jẹ̀bi. Máa lọ, ọmọ mi."

Lẹ́nu ọ̀nà, opó náà ki igi pẹ́lẹ́bẹ́ tó ń há orí àáké mọ́ eèkù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Èmi ni mo yọ ọ́. Mo mọ̀ pé iwájú rẹ lọkọ mi máa ń dúró sí tí o bá ń gégi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, olólùfẹ́. Mo ti ka tìrẹ tipẹ́."

Agégi bojú wẹ̀yìn. Alàgbà ti pa Bíbélì dé.