Ìpín Ìmọ́lẹ̀ Wúràọlá

Fẹ́hìntọlá ló ń ṣètò iná sára àwòrán ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà. Láràárọ̀ ló máa ń rìn láti yàrá dé yàrá, láàárín fèrèsé tí wọ́n ti mọ bíríkì dí, láti wo iye ìmọ́lẹ̀ tó kù fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Iná a máa mú ọ̀dà ṣá, òfin sì ni pé àwòrán tí ìpín tirẹ̀ bá tán, iná kò gbọdọ̀ kàn án mọ́ láéláé.

Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló kù fún Wúràọlá, obìnrin inú àwòrán tó ń di irun ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, kọmíṣọ́nà dé, ó ní iwájú àwòrán yìí ni òun ti fẹ́ ya fọ́tò. Ọ̀gá ilé náà ní kí Fẹ́hìntọlá tan iná rẹ̀ dáadáa, ó sì tàn án. Kọmíṣọ́nà kọ ẹ̀yìn sí Wúràọlá, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà títí ìpín Wúràọlá fi tán, tí iná sì kú.

Kò pẹ́ ni Bàbá Akínjọgbìn wọlé. Òun ló ya àwòrán náà. Ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ni Wúràọlá.

"Ọmọ mi, bá mi tan iná, kí n rí i."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ìmọ́lẹ̀ wọn ti tán. A ò fẹ́ kí wọ́n ṣá ni."

Bàbá nawọ́ sínú òkùnkùn, ó ń fọwọ́ pa férémù.

"Ta wá ni ẹ ń tọ́jú ẹ̀ dè?"

Fẹ́hìntọlá gun àkàsọ̀, ó tú gílóòbù tó wà lókè àwòrán náà, ó sì gbé e lọ sí yàrá kejì, níbi tí àwọn èrò ti ń dúró láti wo àwòrán mìíràn.