Ìwé Pélébé Ara Sáfà

Nínú gbogbo ìlú Omaha, èmi nìkan ni mo rí ohun tí Darlene ṣe!

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tọ́jú sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ wa. Inú ẹ̀ ni dátábéèsì, àkójọ orúkọ gbogbo oníbàárà, wà.

Ẹ̀yà tuntun dátábéèsì náà jáde. Darlene ní ká dúró oṣù mẹ́ta, kí àwọn tó ṣe é kọ́kọ́ tún àléébù ẹ̀ ṣe.

Brent ọ̀gá wa bú sẹ́rìn-ín. "Màmá ojo! Lọ́la, èmi fúnra mi á gbé e sí i lójú àwọn olùdarí. Tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ kó ẹrù yín, ẹ máa lọ sílé."

"Ó dáa, ọ̀gá."

Aago mẹ́wàá àárọ̀. Brent dúró níwájú sáfà tí wọ́n lẹ ìwé "OJÚLÓWÓ" mọ́ lára. Ó tẹ bọ́tìnì.

Gbogbo ẹ̀ dákú. Orúkọ oníbàárà kan ò ṣẹ́ kù.

Òógùn Brent tó odò Missouri! "Darlene, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí!"

"Ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tó ní ká dúró."

"Ẹ̀yin ni! Èmi ni mo ṣorí kunkun!"

Àwọn olùdarí ní kí Brent lọ kó ẹrù ẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn jáde, mo yọjú bí ológbò.

Darlene ń ṣí ìwé "OJÚLÓWÓ" kúrò lára sáfà tó dákú, èyí tá a kàn fi ń dán nǹkan wò. Ó lẹ̀ ẹ́ padà sára ojúlówó, tó ń ṣiṣẹ́ geere nígun yàrá.

Ó rí mi. "Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, mà."

Oníbàárà kankan ò pè wá láàárọ̀ yẹn pé nǹkan bàjẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ gbà mí gbọ́!