Ẹni Tó Wà Nínú Táǹkì

Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀gá Wúràọlá, tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń dáàbò bo ara wa lẹ́nu iṣẹ́, gbé awò dúdú ńlá kan tó ń fi àwòrán hàn bò mí lójú. Mo bá ara mi níwájú táǹkì epo tí mo máa wọ̀ lọ fọ̀ lọ́la. Àwòrán lásán ni, ẹ̀rọ ló yà á.

Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó dúró lẹ́nu táǹkì máa ń fi sípánà lù ú. Bí ẹni tó wà nínú bá lù ú padà, ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà. Mo lù ú, bó ṣe mọ́ mi lára.

Ẹnì kan lù ú padà.

"Ọ̀gá, ẹ ò sọ pé ẹnì kan wà nínú ẹ̀."

"Kò sẹ́ni níbẹ̀, Tìámíyù. A ò tíì fi ohùn kankan sí i."

Mo tún lù ú. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó kàn ń fi èékánná họ irin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn tí a máa ń so mọ́ ẹni tó bá wọ inú táǹkì. Ó wúwo lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi ṣófo.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Wáyà pupa ni wọ́n fi so bàtà òsì.

Mo ṣí awò náà kúrò lójú, mo wolẹ̀. Bàtà òsì mi nìyẹn, pẹ̀lú wáyà pupa tí mo fi so ó láàárọ̀. Mo tú wáyà náà, mo jù ú nù.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá so bàtà rẹ̀ dáadáa, wọn kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ mi sì gbọ́dọ̀ jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú wáyà náà padà.