Pẹpẹ Ilé Ìdáná Orí Òkè

Ìyàwó káfíńtà di ẹrù, ó tún tú u.

Ìlú kékeré orí òkè tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ń gbòòrò lójoojúmọ́, ilé tuntun ń hù níbẹ̀ bí olú.

Ṣùgbọ́n ọkọ ní kó má tíì wá.

Àbúrò ìyàwó náà obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Agùntáṣọọ́lò nítorí gíga rẹ̀, máa ń gbé ọjà lọ tà níbẹ̀. Òun náà ń bẹ̀ ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má lọ. Òtútù ibẹ̀ ń wọ egungun."

Lónìí, ọ̀rọ̀ náà sú ìyàwó. Ó wọkọ̀, ó gòkè lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkọ rẹ̀ rí i, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìgbà tó yá ló rẹ́rìn-ín, ó mú un wọ ilé kan tí òórùn ọ̀dà ò tíì tán lára rẹ̀.

"Ìyàwó mi, tìẹ nìyí. Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu ni mo ṣe dákẹ́."

Inú ìyàwó dùn débi pé ó gbàgbé gbogbo ẹjọ́ tó dì wá.

Ó sáré wọ ilé ìdáná.

Ó mọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í fi téèpù wọn pẹpẹ ìdáná. Obìnrin tó máa dáná níbẹ̀ ló máa ń ní kó nawọ́ sókè, kó tó fi pẹ́ńsù sààmì sára ògiri. Ó sì máa ń fọ́nnu pé, "Obìnrin kan ò ní gun àpótí nínú ilé ìdáná tí mo bá kàn."

Ìyàwó nawọ́ sí ife kan lórí pẹpẹ.

Ọwọ́ rẹ̀ ò tó o.

Ó fi ìka ẹsẹ̀ nàró. Kò tó o síbẹ̀.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ọkọ ń wolẹ̀ bí ẹni tí ìṣó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó yọ fóònù, ó pe ilé.

"Agùntáṣọọ́lò, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ọwọ́ mi ò tó pẹpẹ rẹ."