Delbert Tó Lọ Wá Iṣẹ́ Lọ́dọ̀ Òkú

Delbert Hruska ò kórìíra iṣẹ́. Dídìde lọ wá a gan-an ni kò bá a lára mu. Ọ̀lẹ ni, ẹnu ẹ̀ ò sì mọ ibi tó yẹ kó ti sinmi. Irọ́ a máa yọ́ lẹ́nu ẹ̀ bí bọ́tà lórí búrẹ́dì gbígbóná. Tí ọ̀lẹ àti ẹnu bá pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, ẹ wábi jókòó sí kí ẹ máa wòran.

Ìlú Pelkey ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ló ń gbé. Bí òtútù ṣe wọlé báyìí ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe fèrèsé dá ogójì òṣìṣẹ́ dúró, Delbert sì wà nínú wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ò fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń san owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Owó yẹn ni Delbert àti Marlys ìyàwó ẹ̀ fi ń ra gáàsì tó ń mú ilé móoru. Tí ò bá wọlé, wọ́n á gan bí ẹja inú yìnyín.

Àmọ́ ìjọba náà kì í fowó ṣeré. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, èèyàn gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà. Ṣé o ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí? Ṣé ara ẹ le? Ibo lo wá iṣẹ́ dé? Ibi mẹ́rin ni wọ́n fẹ́, àti orúkọ ẹni tí o bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Delbert rìn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, yìnyín dé orúnkún. Ó jókòó sílé oúnjẹ Arlene, ó ń jẹ ẹyin díndín, ojú ẹ̀ wá bọ́ sórí bébà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àwo. Àwọn oníṣòwò àdúgbò ló ń polówó ara wọn níbẹ̀: ẹni tó ń ta táyà, ẹni tó ń gẹrun ajá, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ṣe. Orúkọ wọn ń bẹ, nọ́ńbà fóònù wọn náà ń bẹ.

"Arlene, jọ̀ọ́, fún mi ní bébà yìí kan sí i."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹyin ò yó ẹ ni?"

"Iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi wá."

"Pẹ̀lú ìdí tó ti lẹ̀ mọ́ àga mi látàárọ̀ yẹn?"

Ọjọ́ Àìkú, Delbert tẹ́ bébà ẹ̀ sílẹ̀, ó mú orúkọ mẹ́rin. Marlys yọjú lẹ́yìn ẹ̀.

"Del, ìgbà wo lo dé ọ̀dọ̀ onítáyà? Bàtà ẹ ò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn látọjọ́ Ajé."

"Ìyàwó mi, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó sí Madison, olú ìlú ìpínlẹ̀, ò mọ ibi tí Pelkey wà."

"Ṣáà má jẹ́ kí gáàsì yìí tán mọ́ wa lórí o."

"Fọkàn balẹ̀."

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni bébà Arlene fi bá Delbert wá iṣẹ́. Àmọ́ kò bèèrè ọjọ́ orí bébà náà. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Arlene ti tẹ̀ ẹ́ ní páálí-páálí, torí tí èèyàn bá tẹ púpọ̀, wọ́n máa ń dín owó fún un. Kò sì ní ju ẹyọ kan nù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù dún. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Quandt ló pè láti iléeṣẹ́ ìjọba.

"Ọ̀gbẹ́ni Hruska, ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ wá iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Orville Sobczak ní abúlé kejì, tó ń tún ẹ̀rọ ìgékoríko ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, màdáámù. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ṣé ẹ fojú kan ara yín?"

Ká ní ó sọ pé fóònù lòun fi pè é, bóyá ọ̀nà ì bá ṣì wà. Àmọ́ ẹnu Delbert ti gbéra. "Ojúkojú! Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ gan-an. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni."

"Ara ẹ̀ ńkọ́?"

"Ara ẹ̀ le kokooko! Ó ní tí koríko bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù, kí n padà wá."

"Ọ̀gbẹ́ni Hruska, opó ẹ̀ ni mo bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti sin ín. Màmá yẹn ní tí ẹ bá tún rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá òun bi í léèrè ibi tó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí."

Delbert ní, "Ó lè jẹ́ àbúrò ẹ̀ ni mo rí o."

"Kò lábùúrò. Ẹ máa retí lẹ́tà wa."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á lé e bá. Ti Delbert ò tiẹ̀ pẹ́ tó ìyẹn. Wọ́n ti owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ pa, wọ́n ní kó dá ti tẹ́lẹ̀ padà, wọ́n tún fi owó ìtanràn lé e. Kí oṣù kìn-ín-ní tó parí, gáàsì tán. Marlys di ẹrù ẹ̀, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ, níbi tó móoru.

Ó ní, "Tí Orville bá gbà ẹ́ síṣẹ́, o pè mí."

Òtútù ló wá lé Delbert jáde. Ọ̀dọ̀ Fenske onítáyà ló kọ́kọ́ lọ.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ni mo ń wá."

"O ti wá tẹ́lẹ̀ o, Delbert. Ìjọba kọ̀wé sí mi láti fi bèèrè. Ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá lo wá, mo sì ní kò sáyè. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lo wí?"

"Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí, mi ò wá nígbà yẹn."

"Nígbà tí o ò wá gan-an mo lé ẹ lọ, ìgbà tí o wá ni màá wá gbà ẹ́?" Ó ti ilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń gẹrun ajá ṣe é. Gbogbo ẹnu ọ̀nà tó ti purọ́ pé òun dé, lẹ́tà ìjọba ti dé ibẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Ìlú kan tó jìn tó wákàtí kan ló ti padà ríṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń pa tòlótòló. Ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ ló ń fọ̀. Ọkùnrin tí kò lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ onítáyà ló wá ń wakọ̀ la yìnyín kọjá láàárọ̀ kùtù ojoojúmọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Tí wọ́n bá na ọwọ́ sí yín pé kí ẹ fi dìde, ẹ má sọ ọwọ́ ọlọ́wọ́ di ìrọ̀rí. Ẹni tó bá ta òótọ́ ẹ̀ ní ọ̀pọ̀, iye yòówù kó gbé wá lọ́la, wọn ò ní tà á fún un padà. Ẹ sì má purọ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ yín ò dé, torí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá máa débẹ̀ lóòótọ́, irọ́ ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí ẹ wọlé.