Káàdì Àkọ́sórí Ìbíyínká

Ó tó wákàtí kan tí Rẹ̀mílẹ́kún ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Ìkàrẹ́, tó ń yẹ káàdì wò. Hephzibah tó ni ṣọ́ọ̀bù ti gbé páálí méjì kalẹ̀ fún un. Èkó ni wọ́n ti ṣe èkíní. Ọgọ́jọ káàdì ló wà nínú rẹ̀, àwòrán wà lójú, ọdún àti ìṣẹ̀lẹ̀ wà lẹ́yìn, pẹ̀lú pépà gígùn kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kí ọmọ lè máa to ìtàn náà bí ọdún ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Arigidi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èkejì, ìtàn àwọn ìlú Àkókó ló sì kún inú rẹ̀.

Hephzibah ní tó bá jẹ́ òun ni, ti tíṣà ni òun máa mú. Inú ọmọdé máa ń dùn tó bá rí ìlú rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́. Rẹ̀mílẹ́kún ṣí káàdì tíṣà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí èyí tí wọ́n ya òkè Àjọwá sí, ó dúró díẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ padà sínú páálí.

"Ti Èkó ni mo máa mú," ó ní. "Ẹ bá mi fi ọgbọ̀n tí wọn ò kọ nǹkan sí kún un."

Ó ṣàlàyé pé ìtàn ẹbí lòun fẹ́ kọ sí ìyẹn, torí ọmọ tí kò mọ ìtàn ilé baba rẹ̀, kí ni yóò fi ìtàn ọba ṣe? Ọ̀rọ̀ náà wọ Hephzibah létí. Ó béèrè ọjọ́ orí ọmọ. Rẹ̀mílẹ́kún ní ọdún mẹ́fà, ó tún ní ó ti ń lọ sí méje.

Nínú mọ́tò tó ń padà sí Ọ̀kà, ọ̀rọ̀ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ni gbogbo èrò ń sọ. Rẹ̀mílẹ́kún gbé báàgì lé itan. Ohun tó ti sọ fún àwọn ará àdúgbò náà nìyẹn láti ìgbà tó ti kó dé lọ́dún tó kọjá, pé ayé ti le, òun ò lè fi ọmọ sójú títì nítorí ilé ìwé, òun á kọ́ ọ nílé. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Opó ni, tíṣà ni òun náà tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè.

Àgádágodo méjì ló wà lára géètì rẹ̀. Ó ṣí wọn, ó wọlé, ó tún wọn tì. Ọmọ náà, Ìbíyínká, wà lórí àga tó fi í sílẹ̀ sí.

Àràárọ̀ ni wọ́n ń ṣe káàdì. Rẹ̀mílẹ́kún gbà pé ọmọdé kò nílò òye níbẹ̀rẹ̀; kí nǹkan kọ́kọ́ wọ orí, òye á bá a níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí ọmọ náà fi mọ àwọn ọba Ìbíní àti ọdún tí ogun Kírìjì parí. Ti ẹbí ló ń dà á láàmú. Tí wọ́n bá bi í pé níbo ni wọ́n bí i sí, á kọ́kọ́ wo ògiri. Lọ́jọ́ kan, ó ń ka káàdì, ó sì fi èdè mìíràn kà á, èyí tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í sì í ṣe ti Ọ̀kà. Rẹ̀mílẹ́kún gbé ọwọ́ lé káàdì náà, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá Success tó ń gbé lójúlé kejì wá sọ pé ọkùnrin kan ń káàkiri àdúgbò. Ó ń béèrè àwọn ọmọ tí kì í lọ sí ilé ìwé. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò fi káàdì iṣẹ́ kankan hàn, ó sì béèrè pé ta ló ni ilé tí wọ́n máa ń fi àgádágodo méjì ti géètì rẹ̀.

"Ẹ ṣọ́ ọmọ yín o, màmá Ìbíyínká," ló ní.

Rẹ̀mílẹ́kún dúpẹ́. Wọn ò ka ọba kankan lọ́jọ́ náà. Káàdì ẹbí nìkan ni wọ́n ń kà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọkùnrin náà kan géètì lọ́jọ́bọ. Ó pe ara rẹ̀ ní Zachariah, ó ní káńsù ló rán òun. Eruku ti bo bàtà rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò sí lára Rẹ̀mílẹ́kún, inú ilé lẹ́yìn rẹ̀ ló ń wò. Ó ní tí ààyè kò bá sí lónìí, òun á padà wá pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Rẹ̀mílẹ́kún rò ó, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Ìbíyínká jáde sí pálọ̀, orí rẹ̀ tí wọ́n fá ń dán. Ó kúnlẹ̀ kí àlejò.

"Níbo ni wọ́n bí ẹ sí?" ọkùnrin náà bi í.

Ọmọ náà kò wo ògiri. "Àkúrẹ́ ni, sà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹta." Láìjẹ́ pé wọ́n bi í, ó ń bá a lọ: Akínlọ́lá ni orúkọ bàbá bàbá òun, káfíńtà ni, jàǹbá ọkọ̀ ló pa bàbá òun, tíṣà ni mọ́mì òun. Kò ṣì í níbì kankan.

Zachariah yọ fóònù, ó wo àwòrán kan níbẹ̀, ó wo ọmọ, ó tún wo fóònù. Ó bi í bóyá ó ti gbé ibòmíràn rí.

"Rárá, sà."

Ọkùnrin náà ti fóònù bọ àpò. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ má bínú, mà," ló sọ. "Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

Rẹ̀mílẹ́kún dúró títí ọkùnrin náà fi yà ní kọ́nà. Ó ti àgádágodo méjèèjì, ó padà wọlé, ó sì jókòó. Ó na ọwọ́, ó fi pa orí ọmọ náà, ó ní ó ṣe dáadáa.

"Àǹtí," ni ọmọ náà wí, "mo ti mọ gbogbo ẹ̀ sórí bí ẹ ṣe ní kí n mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí ẹ gbé mi ní Àjọwá, ẹ wá mú mi padà lọ bá màmá mi."